Gheorghe Hagi Lórí Òṣùwọ̀n Ọmọlúàbí

Nínú gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ Yorùbá máa ń kà sí àmì ọmọlúàbí, láti orí ìtẹríba, òtítọ́ àti inú rere títí dé orí akínkanjú, iṣẹ́ àṣekára àti sùúrù tí í ṣe baba ìwà, kò sí ẹ̀bùn àbímọ́ níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀bùn jẹ́ ohun tí ènìyàn bá lára rẹ̀ láìlàágùn fún un, ìwà sì ni ohun tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ hù lójoojúmọ́. Èyí ló mú kí ó ṣòro láti gbé àwọn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù lé òṣùwọ̀n yìí, torí pé ẹ̀bùn wọn a máa tàn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kì í fi í rí ìwà wọn. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lónìí ti di ènìyàn rere, ẹni tó bá pàdánù pẹnárítì lọ́la ti di ẹni ègún. Gheorghe Hagi, agbábọ́ọ̀lù tí àwọn ará Ròmáníà ń pè ní Ọba, yẹ ní gbígbéyẹ̀wò lọ́nà yìí, nítorí pé ohun tó dára àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìṣe rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní gbangba, níbi tí àìmọye ènìyàn ti rí i.

Agbábọ́ọ̀lù àárín ni Hagi, ìyẹn ẹni tí ipò rẹ̀ wà láàárín àwọn tó ń dáàbò bo ilé àti àwọn atamátàsé, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn ti ẹ̀yìn kí ó sì pín in fún àwọn ti iwájú. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1965 ní Săcele, abúlé kan ní agbègbè Constanța létí Òkun Dúdú, sínú ẹbí kan láti inú ẹ̀yà Aromania, ẹ̀yà kékeré tí ó fọ́nká sí àwọn orílẹ̀-èdè ìhà ibẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Sportul Studențesc ní Bucharest, ó gbá góòlù 20 wọlé nínú líìgì ọdún 1984 sí 1985, ó sì gbá 31 ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tí kò sì sí atamátàsé kankan ní gbogbo Ròmáníà tó ju ẹni àárín yìí lọ ní ọdún méjèèjì. Ẹ̀bùn nìyẹn, ọ̀rọ̀ ìwà ṣì ń bọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1987 gba àlàyé díẹ̀. Abẹ́ ìjọba apàṣẹwàá Nicolae Ceaușescu ni Ròmáníà wà nígbà náà, Steaua Bucharest tí í ṣe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ológun sì ni ó lágbára jùlọ, débi pé Valentin, ọmọ Ceaușescu fúnra rẹ̀, ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn ẹgbẹ́ náà. Steaua ti gba ife ẹ̀yẹ àwọn akọni ilẹ̀ Yúróòpù ní 1986, ó sì kù kí wọ́n bá Dynamo Kyiv du Super Cup ní Monaco ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1987, ìyẹn ife tí ẹgbẹ́ méjì tó gba ife ńlá méjì ní Yúróòpù máa ń fi eré kan pinnu. Wọ́n mú Hagi kúrò ní Sportul, wọ́n ní nítorí eré kan yẹn ni. Hagi gba fìrí-kíìkì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń fún ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀, ó gbá a wọlé, òun sì ni góòlù kan ṣoṣo tó bọ́ sáwọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà. Steaua kò dá a padà mọ́, Sportul kò sì rí owó kankan gbà lórí rẹ̀. Yorùbá ní bí wọ́n bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ, ohun tí Hagi sì ṣe gan-an nìyẹn, nítorí ó sin Steaua débi tí wọ́n fi gba líìgì ní ìgbà mẹ́ta léraléra tí wọ́n sì dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Yúróòpù ní 1989, níbi tí Milan ti fi 4-0 dá sẹ̀ríà fún wọn ní Barcelona. Ẹni tí ìjọba gbé níbì kan lọ sí ibòmíràn kò ní ẹjọ́ níwájú ọmọlúàbí. Àwọn tó gbé e ló ní in. Síbẹ̀, ìyà jẹ Sportul, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń ka ife tí Hagi gbà ní Steaua yẹ kó rántí ilé tí wọ́n ti yọ ọ́ láìsanwó.

Lẹ́yìn tí ìjọba Ceaușescu wó ní oṣù kejìlá ọdún 1989, ọ̀nà ṣí fún àwọn agbábọ́ọ̀lù Ròmáníà láti jáde, Hagi sì lọ sí Real Madrid fún ọdún méjì kí ó tó dé Brescia ní Ítálì ní 1992. Ibẹ̀ ni ọ̀kan lára àwọn ìwà rẹ̀ tó dára jùlọ ti hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ kì í dúró lórí rẹ̀ pẹ́. Brescia já bọ́ láti ìpele àkọ́kọ́ sí ìpele kejì ní 1993, ìyẹn ni pé wọ́n di ẹgbẹ́ tí kò ní máa bá àwọn ńláńlá ṣeré mọ́, irú àkókò bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn agbábọ́ọ̀lù tó lórúkọ máa ń kó ẹrù wọn. Hagi, tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù ní Real Madrid, tí ó sì jẹ́ balógun orílẹ̀-èdè rẹ̀, dúró tì wọ́n. Ó bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kejì fún ọdún kan gbáko lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Mircea Lucescu tí í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó bá wọn gba ife kékeré kan ní Wembley ní oṣù kẹta ọdún 1994, wọ́n sì padà sókè. Bíbá ọ̀rẹ́ jẹ nígbà ọ̀pọ̀ kò ní kí ènìyàn di ọmọlúàbí. Bíbá a jẹ nígbà ọ̀wọ́n ló ń fi í hàn.

Láti ìpele kejì yẹn ló ti gba Amẹ́ríkà lọ fún ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 1994, ìdíje tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kò lè gbàgbé nítorí pé ìgbà àkọ́kọ́ wọn níbẹ̀ nìyẹn. Ní pápá Rose Bowl ní Pasadena, ó wà létí ìlà lápá òsì, ó jìnnà réré sí ilé, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù kan sókè tó kọjá lórí aṣọ́lé Kòlóńbíà, Óscar Córdoba, tó ti rìn síwájú jù, bọ́ọ̀lù náà sì bọ́ sáwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Ní pápá kan náà ni Ròmáníà ti na Ajẹntínà ní 3-2 ní ọjọ́ 3 oṣù keje, tí Ilie Dumitrescu gbá méjì wọlé tí Hagi sì gbá ẹ̀kẹta. Àwọn ènìyàn a máa pe Hagi ní Maradona àwọn òkè Carpathian; lọ́jọ́ yẹn, Maradona gidi ti Ajẹntínà kò sí lórí pápá, nítorí pé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn eré Ajẹntínà pẹ̀lú Nàìjíríà ti fi oògùn tí kò bófin mu hàn lára rẹ̀. Ó tọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ fi Hagi wé Maradona rántí èyí, torí pé ìjọra wọn wà nínú ẹsẹ̀ òsì, irú ẹ̀sùn yìí kò sì sí nínú èyí tí àwọn ènìyàn fi ń dá Hagi lẹ́bi.

Ẹ̀sùn tí ó kan Hagi ni ti sùúrù, ọdún 2000 sì ni ó le jùlọ, ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù méjì. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún, Galatasaray ti Tọ́kì, ẹgbẹ́ tí Hagi ti wà láti 1996 tí ó sì bá gba líìgì ní ọdún mẹ́rin léraléra, bá Arsenal du ife UEFA ní Copenhagen. Góòlù kankan kò wọlé ní àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, wọ́n sì bọ́ sí àkókò àfikún, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n máa ń fi kún eré nígbà tí kò bá sí olùborí. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí àfikún bẹ̀rẹ̀ tí Hagi àti Tony Adams, balógun Arsenal, fi lọ́ mọ́ ara wọn, tí Hagi ju ẹ̀ṣẹ́ sí i, tí rẹfirí sì fún un ní káàdì pupa, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ó jáde kí ẹnikẹ́ni má sì rọ́pò rẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá ló kù láti kojú mọ́kànlá, Kanu Nwankwo wà lára àwọn mọ́kànlá náà, Arsenal sì ń rọ́ lù wọ́n. Bülent Korkmaz, balógun Galatasaray, fi èjìká ṣèṣe, wọ́n fi báńdéèjì dì í mọ́ ara rẹ̀, ó sì kọ̀ láti jáde. Aṣọ́lé Taffarel gba bọ́ọ̀lù tí Thierry Henry ti Arsenal fi orí kàn láti ìtòsí. Nígbà tó di pẹnárítì, Galatasaray gbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n gbá wọlé, Gheorghe Popescu, àna Hagi, ló sì gbá èyí tó kẹ́yìn. Ife náà di ti Hagi pẹ̀lú. Èjìká Bülent ló sì gbé apá ti Hagi nínú ẹrù.

Ti Brussels burú ju ti Copenhagen lọ. Níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní oṣù kẹfà, káàdì yẹ́lò, tí í ṣe káàdì ìkìlọ̀, ti pé méjì lọ́rùn Hagi nínú eré méjì àkọ́kọ́, òfin sì dá a dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò gbá eré tí Ròmáníà ti na England ní 3-2. Ó padà wọ eré tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú Ítálì ní ọjọ́ 24, gẹ́gẹ́ bí balógun, nínú ìdíje tí yóò fi kí orílẹ̀-èdè rẹ̀ pé ó dìgbóṣe. Nígbà tí Ítálì ti ń fi 2-0 ṣáájú, ó fi ẹsẹ̀ kọ lu Antonio Conte débi tí Conte kò fi lè bá eré náà lọ, ó gba ìkìlọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni ó ṣubú nítòsí ilé Ítálì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, rẹfirí sì dá a lẹ́jọ́ pé ṣe ni ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú kí ó lè rí pẹnárítì gbà. Káàdì kejì nìyẹn, ó di pupa, ó sì jáde. Ó ti wọ aṣọ Ròmáníà ju ìgbà 120 lọ, ó ti fi góòlù 35 ṣe orílẹ̀-èdè náà lóore, bí ó sì ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ a máa ní iná tó ń jó nínú rẹ̀ ló sọ ọ́ di Hagi, pé bí wọ́n bá pa á, ẹ̀bùn rẹ̀ á kú pẹ̀lú. Àwíjàre tó rọrùn nìyí, kò sì lè dúró níwájú òṣùwọ̀n yìí. Ìbínú lè jẹ́ àdámọ́, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ẹni ọdún 35 tí wọ́n fi ṣe olórí ló ní ìkáwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ Copenhagen sì yàtọ̀ sí ìṣubú Brussels, torí pé ìbínú ló fa ti àkọ́kọ́, ìkejì ní ẹ̀tàn nínú. Ọmọlúàbí tó bínú lè tọrọ àforíjì kí ọ̀rọ̀ náà sì tán. Èyí tó bá fẹ́ fi irọ́ gba ohun tí kò tọ́ sí i ti fọwọ́ kan òtítọ́, ìyẹn sì wúwo ju ìwà gbígbóná lọ.

Ohun tó mú kí ẹjọ́ Hagi má parí sí Brussels ni ohun tí ó fi owó rẹ̀ ṣe. Ní 2009, ó dá ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní Ovidiu nítòsí Constanța, ní agbègbè tí wọ́n bí i sí, ó sì dá ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Viitorul, ìyẹn Ọjọ́ Iwájú, kí àwọn ọmọ tó bá jáde níbẹ̀ lè rí ibi ṣeré. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, Hagi sì ṣẹ́kù fún ẹni ẹ̀yìn: Viitorul wọ ìpele àkọ́kọ́ ní 2012, wọ́n sì gba líìgì Ròmáníà ní 2017 pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin, Hagi fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n da ẹgbẹ́ náà pọ̀ mọ́ Farul Constanța, ẹgbẹ́ tí Hagi ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, ní 2021, Farul náà gba líìgì ní 2023. Nínú eré tó fi wọ́n hàn ní akọni, tí wọ́n gbá ní Ovidiu, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù FCSB ti fi góòlù méjì ṣáájú kí Farul tó yí i padà sí 3-2.

Ẹ̀sùn kan wà níhìn-ín tí kò ṣeé fò. Ní 2015, Ianis ọmọ Hagi di balógun Viitorul ní ọmọ ọdún 16, bàbá rẹ̀ ló ni ẹgbẹ́, bàbá rẹ̀ náà ló sì ń kọ́ ọ. Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, òwe yìí sì lè gbèjà Hagi nínú ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kì í ṣe ilé ẹnìkan, àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n dàgbà ju Ianis lọ wà nínú yàrá ìmúra kan náà. Ohun tó dín ẹ̀sùn náà kù ni pé àwọn tí kò bá Hagi tan padà ra Ianis: Genk ní Bẹ́ljíọ̀mù, lẹ́yìn náà Rangers ní Scotland, tí ó bá gba líìgì ní 2021. Ẹ̀sùn náà dín kù, kò parẹ́, nítorí pé níbi tí ẹnìkan bá ti jẹ́ olówó, olùkọ́ àti bàbá, kò sí ẹni tó kù tí yóò sọ fún un pé ó tó.

Bí ó bá jẹ́ ti sùúrù, Hagi kùnà. Ní Brussels, ó kùnà nínú òtítọ́ pẹ̀lú. Nínú ìdúróṣinṣin tì ẹni tí nǹkan ò rọgbọ fún, àti nínú títọ́ ọmọ ẹlòmíràn, ó yege ju ọ̀pọ̀ àwọn tí káàdì pupa kò kàn rí lọ, òṣùwọ̀n náà sì tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rere. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2024, ní Munich ní Jámánì, Ròmáníà na Ukraine ní 3-0, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa borí níbi ìdíje Yúróòpù láti ọjọ́ tí wọ́n ti na England láìsí Hagi; méjì nínú àwọn mẹ́ta tó gbá góòlù wọlé, Răzvan Marin àti Denis Drăguș, gba ọwọ́ Viitorul kọjá.