Díẹ̀díẹ̀ Nimú Ẹlẹ́dẹ̀ Ń Wọgbà

Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ohun kékeré tí a ò bá jáwọ́ nínú rẹ̀ á di ńlá bó pẹ́ bó yá. Bí èdè àjèjì ṣe ń wọni lára nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa ló ti lọ kọ́ Faransé ní Ajara, l'Ágbádárìgì. Bí wọ́n bá padà délé, ta ni wọ́n ó máa bá sọ ọ́?

Bí wọn ò bá rẹ́ni bá sọ ọ́, wọ́n á máa gbàgbé rẹ̀. Síbẹ̀, èdè kì í kúrò lórí ẹni tán pátápátá. Ní 1984, Harry Bahrick, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn tó kọ́ èdè Sípéènì nílé ẹ̀kọ́. Láàárín ọdún 3 sí 6 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ọ tán ni wọ́n ti gbàgbé jù. Èyí tó ṣẹ́ kù dúró digbí fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó kọ́ ọ dunjú ló sì rántí jù.

Nítorí náà, àwọn ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyí ni kí o ṣọ́ra fún. Máa gbọ́ ìròyìn Faransé lórí rédíò láràárọ̀. Máa kàwé sókè, kí ẹnu rẹ má baà wúwo. Bí o bá dé Kùtọnú, má fi Yorùbá nájà. Fi Faransé béèrè iye tí wọ́n ń ta tòmátò, kí o sì fi dúnàádúrà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ sàn ju odindi ọjọ́ kan lọ́dún. Bẹ̀rẹ̀ lónìí.