«Ẹ Wá Jẹun»: Ṣé Irọ́ Ni?

Kí ọmọ Yorùbá tó mọ ìwé kà ni a ti ń kọ́ ọ pé bí ẹnì kan bá bá a lẹ́nu oúnjẹ, kí ó wí pé: «Ẹ wá jẹun.» A sì ń kọ́ ọ ní èsì rẹ̀: «Á gba ibi ire.» Nínú ilé, gbólóhùn yìí kò ní wàhálà kankan. Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò; ẹni tó bá jẹ́ ìpè náà yóò ṣan ọwọ́, yóò jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kì í jẹ oúnjẹ òwúrọ̀ nílé mọ́. Ní Kétu, gẹ́gẹ́ bí ní àwọn ìlú kéékèèké mìíràn lẹ́bàá ọ̀nà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kafetéríà ni à ń lọ: àtíbàbà kan, tábìlì gígùn kan, bẹ́ǹṣì kan tí gbogbo wa fún ara wa lórí rẹ̀, agolo mílíìkì tí wọ́n tò léra wọn bí ògiri, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń po ẹyin pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti di ìbéèrè. Ẹyin méjì ni mo sanwó rẹ̀, ẹyin méjì náà ló wà nínú àwo. Bí mo bá gbójú sókè wo ẹni tó ń kọjá, tí mo wí pé «Ẹ wá jẹun», ṣé òótọ́ ni mo sọ?

Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ pé irọ́ ni, pé ẹni tí kò fẹ́ kí a wá kò gbọdọ̀ pè. Nítorí náà, wọ́n tẹ ojú mọ́ fóònù, wọ́n ń jẹ tiwọn. Wọ́n ní òdodo nìyẹn. Òdodo tí kò náni ní nǹkan kan, ó yẹ kí a wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Immanuel Kant, tí àwọn ọmọ kíláàsì Terminale ń bá jìjàkadì lọ́dọọdún, kò fi àyè sílẹ̀ fún irọ́. Nínú àròkọ kékeré kan tó gbé jáde ní ọdún 1797, ó ní a kò gbọdọ̀ purọ́ fún apààyàn pàápàá, bí ó bá ń béèrè ọ̀rẹ́ wa tó sá pamọ́ sínú ilé wa. Síbẹ̀, nínú ìwé mìíràn tó jáde ní ọdún kan náà, ó béèrè bóyá irọ́ ni kí ènìyàn kọ «ìránṣẹ́ yín» sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ó wí pé èyí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Èyí dára fún lẹ́tà, kò tó fún àwo oúnjẹ. Kò sí ẹni tí yóò gba lẹ́tà tí yóò wá dáhùn pé: níwọ̀n bí o ti jẹ́ ìránṣẹ́ mi, wá bá mi roko lọ́la. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè gba ìpè oúnjẹ. Ebi lè pa á débẹ̀. Ìgbà tó bá jókòó tì wá ni a tó mọ ohun tí a sọ. Ẹni tó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, tó ya búrẹ́dì sí méjì, tó ní kí wọ́n po kafé kan sí i, òótọ́ ló sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fajú ro, irọ́ ló pa. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì sì sọ. Gbèsè ni ìpè yẹn, tí a kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò wá sin ín. Lọ́pọ̀ ìgbà, «Á gba ibi ire» ni ó ń dárí rẹ̀ jì wá, nítorí ẹni tí a pè ti wo àwo náà, ó sì mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi ronú nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti abúlé wá, tí wọ́n háyà yàrá sí ìlú nítorí ilé-ẹ̀kọ́. Gàrí àti iṣu tí wọ́n gbé ti ilé wá kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí oṣù yóò fi parí. Ní aago mẹ́wàá, wọ́n á gba iwájú kafetéríà kọjá. Bí a bá pè wọ́n, wọ́n á dáhùn bí ọmọ tí a kọ́ tó sì gbà ẹ̀kọ́: «Ẹ ṣeun, á gba ibi ire.» Inú wọn ṣófo. Ẹ̀kọ́ ilé tí a fún wọn ló di wọ́n lẹ́nu. Èmi kò gbà pé ẹni tó mọ̀ pé ọmọ yìí yóò kọ̀, tó sì pè é lẹ́ẹ̀kan péré, ti sọ òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Àwọn ìyá alákàrà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kafetéríà mọ ọ̀nà mìíràn. Wọn kì í pe ọmọ bẹ́ẹ̀ wá jẹun. Ọ̀kan á bu àkàrà mẹ́rin sínú ewé, á nà án sí i: «Wá bá mi tọ́ èyí wò, ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó?» Òun fúnra rẹ̀ ti tọ́ ọ wò láti ìdájí, ìdajì agbada sì ti tà. Ọmọ náà mọ̀. Á jẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, á nu ọwọ́, á ní: «Ó tó, ìyá.»