Ẹ̀mí Ọ̀la Kò Ha Tó Ẹ̀mí Òní Bí?

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ìlera náà kò fọkàn tán ọ̀la: púpọ̀ nínú wọn a máa bu ìdá 3 nínú 100 kúrò lára àǹfààní tí kò tíì dé, fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó fi jìnnà sí wa.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ṣáájú. Ọmọ ọdún 9 tí ó gbà á ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ lè pé ọdún 49 kí àsìkò tí àrùn náà ìbá bá a tó dé. Nínú ìṣirò yẹn, 100 ẹ̀mí tí a gbà là lẹ́yìn ọdún 40 kò ju nǹkan bí 30 lónìí lọ. Nígbà tí owó kò bá sì kárí, irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí a fi ń yan ẹni tí a ó ṣe fún.

Ó yẹ kí á ṣe bẹ́ẹ̀ sí owó, nítorí owó a máa bí owó. Aláìsàn tí ń jẹ̀rora lónìí kò sì ṣe é dá dúró. Ṣùgbọ́n ìrora kì í fúyẹ́ nítorí pé ó pẹ́ kí ó tó dé. Àgbẹ̀ tí ó gbin obì mọ̀ pé òun lè má jẹ níbẹ̀. Síbẹ̀ kì í sọ pé obì tí ọmọ òun yóò pa kò tó obì. Bí ọ̀la bá ń kọ wá lóminú, iyèméjì náà nìkan ni kí á yọ. Kí á má ṣe fi ọ̀nà jíjìn dín ẹ̀mí ènìyàn kù.