Ìgbálẹ̀ Lọ́wọ́ Ọmọdé: Ìyà ni Tàbí Ojúṣe?

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tó bá pẹ́ dé ni a máa ń ní kó ṣa ìdọ̀tí inú ọgbà. Aláriwo ni yóò ro koríko. Lọ́jọ́ kan náà, olùkọ́ yóò dúró níwájú pátákó, yóò máa kọ́ wọn pé ìtọ́jú àyíká jẹ́ ojúṣe ọmọlúàbí. Èwo ni ọmọ yóò gbà gbọ́ nínú méjèèjì? Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ni. Ó ti mọ̀ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ní í ṣa ìdọ̀tí.

Àgbà pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀: nígbà ìjọba ológun ọdún 1984 sí 1985, ìbẹ̀rù agbófinró wà lára ohun tó ń mú ará ìlú gbé ìgbálẹ̀.

Odò Ògùnpa ní Ìbàdàn ló mú kí ìbéèrè náà le sí i. Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò náà kún àkúnya, ó wó ilé, ó sì gba ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Òjò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtí tó dí ojú odò àti ilé tí a kọ́ sí etí rẹ̀ dá kún un. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ nílùú kan náà. Ta ló da pàǹtí sómi? Ọmọ ọdún mẹ́jọ kọ́. Ṣé ó wá tọ́ kí ó máa kó ẹrù tí àgbà dà?

Ẹni tó bá ní kò tọ́ ti gbàgbé ọ̀wẹ̀. Níbi ọ̀wẹ̀ ilé kíkọ́, ọmọdé a máa pọnmi, àgbà a máa po amọ̀. Kò sẹ́ni tó pe omi pípọn ní ìyà, nítorí àgbà ń làágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ọmọ sì mọ ẹni tí wọ́n ń kọ́lé fún.

Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ tọ ipa gọ́tà láti ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ títí dé ibi tó ti ń ṣàn wọ odò. Kí wọ́n ka ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó wà níbẹ̀ (ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé ẹ̀kọ), kí wọ́n sì bi onílé àti ọlọ́jà léèrè ibi tí wọ́n ń da pàǹtí sí. Ìbéèrè náà lè bí àgbà nínú, ṣùgbọ́n ọmọ tí a fún ní ìgbálẹ̀ láìfún un láyè láti béèrè, alágbàṣe lásán ni. Lẹ́yìn èyí ni kí olùkọ́, òbí àti ọmọ tó jọ kó pàǹtí inú gọ́tà náà. Kí a sì wá ìyà mìíràn fún ọmọ tó bá pẹ́ dé.