Olúwa Gbé Ọrùn Ọwọ́ Mi Dìde

Ẹ̀rí yìí pẹ́ kí n tó sọ ọ́, nítorí mo fẹ́ kí dókítà fọwọ́ sí i ná, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ariwo ẹnu lásán ni. Dókítà ti fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ọ̀tún mi, tí kò lè gbé ìka kan ṣoṣo sókè, ti ń ro àmàlà báyìí. Ògo ni fún Ọlọ́run!

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní Bronx. Ẹni tó bá ń gbé New York mọ yìnyín ìgbà òtútù, èyí tí ojú kì í rí lójú ọ̀nà ní ìdájí. Mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru, mo yọ̀ ṣubú lẹ́bàá àtẹ̀gùn ọkọ̀ ojú irin, egungun apá ọ̀tún mi sì kán láàárín èjìká àti ìgúnpá. Nẹ́ẹ̀fù kan wà níbẹ̀ tó lọ́ mọ́ egungun náà lára gbágbá. Òun ló ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ lọ bá àwọn iṣan tó ń gbé ọrùn ọwọ́ àti ìka sókè. Bí egungun bá kán níbẹ̀, nẹ́ẹ̀fù yìí lè fara gbá a. Nínú èèyàn 100 tí apá wọn kán báyẹn, bí 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni ọwọ́ wọn máa ń wó. Èmi wà lára wọn.

Egungun jinná, ìrora lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rọ̀ jọwọrọ. Bí mo bá nawọ́ sókè nígbà ìyìn nílé Ọlọ́run, apá á gòkè, ọrùn ọwọ́ á wó, ìka márààrún á dojú kọ ilẹ̀. N kò lè di ife mú, nítorí bí ọrùn ọwọ́ kò bá dúró, ìka kì í lágbára. N kò lè wé gèlè. Ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú, tí mo máa ń gbé láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n ti fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Lójoojúmọ́ ni ẹran apá mi ń jò lójú mi.

Màmá mi pè láti Ìbàdàn. Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, ṣé ọwọ́ ayé kọ́ nìyí?" Mo ní, "Màámi, yìnyín ni, ẹ fọkàn balẹ̀." N kò dá wọn lẹ́bi. Nílé, a ti rí ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní ìdí, tí abẹ́rẹ́ bá nẹ́ẹ̀fù, tí ẹsẹ̀ ọmọ náà sì ń wọ́ nílẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ìyá ọmọ á gbà pé aráyé ló ṣe é, á máa gbé e kiri títí àkókò ìtọ́jú fi máa lọ. Ọ̀rọ̀ àkókò yìí ló jẹ́ kí n fẹ́ kọ ẹ̀rí mi sílẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá, dókítà ki abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan apá mi. Okùn so abẹ́rẹ́ náà mọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ iná inú iṣan di ohùn. Mo jókòó jẹ́ẹ́, n kò mi apá rárá, síbẹ̀ ẹ̀rọ ń dún bí òjò tó ń kán sórí páànù. Dókítà ní iṣan tí nẹ́ẹ̀fù ti fi sílẹ̀ ló máa ń pariwo báyẹn fúnra rẹ̀, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n gbìyànjú kí n gbé ọrùn ọwọ́. Mo gbìyànjú títí òógùn fi bò mí. Ohùn náà kò yí padà.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní nẹ́ẹ̀fù tó fara pa lè tún hù, ṣùgbọ́n kì í ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ lóòjọ́. Láti ibi tí egungun mi ti kán dé ibi tí àwọn iṣan yẹn wà, ọ̀rọ̀ oṣù ni. Ní gbogbo ìgbà yẹn, iṣan tí kò gba àṣẹ ń gbẹ. Bí ó bá fi lé lọ́dún kan, ọdún kan ààbọ̀, láìsí nẹ́ẹ̀fù, á máa di ọ̀rá àti àpá, débi pé bí nẹ́ẹ̀fù bá tilẹ̀ dé, kò ní bá ẹni tó máa gbàṣẹ nílé mọ́.

Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti fi obìnrin kan pàdé mi, oníṣẹ́ físíò, ọmọ ilẹ̀ Philippines, ẹni tí sùúrù rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Ó sọ fún mi pé ìlú yìí ti mọ ìjà pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó rọ tipẹ́. Ní 1916, rọpárọsẹ̀ jà ní New York, Brooklyn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó pa èèyàn tó lé ní 2,000, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn, ó sì sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún di arọ, nítorí àrùn náà máa ń pa orísun nẹ́ẹ̀fù gan-an. Ìlú kan náà ni Howard Rusk, tó tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ti dá ilé ìtọ́jú àwọn tó fẹ́ padà lo ara wọn sílẹ̀ ní 1948.

Oníṣẹ́ físíò náà fi bírò sàmì sí ẹ̀yìn apá mi, ó lẹ páàdì méjì tó tutù mọ́ ọn, ó ní kí n máa wo ọwọ́. Ó tan iná ẹ̀rọ tó so mọ́ páàdì náà. Kò ta gìrì bí mo ṣe rò. Ọrùn ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, bíńtín, ó tún rọra wálẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ó ní iṣan tí kò ní nẹ́ẹ̀fù kì í yára. Iṣan tí nẹ́ẹ̀fù rẹ̀ pé, iná tí kò tó ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá ti tó o, torí nẹ́ẹ̀fù ni iná náà ń bá sọ̀rọ̀. Tèmi gba iná tó dúró tó ìdá kan nínú 10 ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ara iṣan fúnra rẹ̀ ló ń gbà á. Iná tó dúró pẹ́ báyẹn lè jó ara, ìdí nìyẹn tó fi ń yẹ awọ ara mi wò ní gbogbo ìgbà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí. Bàbá Alàgbà wa fi ìfẹ́ gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà fún ẹ̀yìn ríro wá bá mi, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n iná ẹ̀rọ yẹn kúrú jù, kò lè mi iṣan tí nẹ́ẹ̀fù rẹ̀ ti lọ. Ẹ má náwó sí i.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ níwájú pẹpẹ: àwọn dókítà kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìtọ́jú oníná yìí fún ẹni tí nẹ́ẹ̀fù rẹ̀ ṣì ń hù bọ̀. Ọ̀pọ̀ irú ọwọ́ tèmi ló ń padà bọ̀ sípò láìsí ẹ̀rọ kankan. Ibi tí ẹ̀rí pọ̀ sí ni ti àwọn tí nẹ́ẹ̀fù wọn kò ní padà mọ́. Ní Vienna, Dókítà Helmut Kern àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2010 lórí èèyàn 25 tí ẹsẹ̀ wọn ti rọ pátápátá. Ọdún 2 ni wọ́n fi ń lo iná náà nílé. Àwọn 20 ló ṣe é dópin, itan tó ti gbẹ tún sanra, àwọn kan tilẹ̀ fi agbára iná dìde dúró. Ní tèmi, mo gbà pé Olúwa ló mú nẹ́ẹ̀fù hù. Iná yẹn, àti ọkọ mi tó ń na ìka mi láàárọ̀ lálẹ́ kí oríkèé má baà gan, ni kò jẹ́ kí ìrètí mi kú.

Nígbà tí ooru mú, wọ́n tún ki abẹ́rẹ́ bọ̀ mí lápá. Dókítà ní kí n gbé ọwọ́. Ohùn mìíràn jáde, ó ṣe gbì, gbì, gbì, bí mo ṣe ń gbìyànjú. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní àṣẹ ti dé. Kò pẹ́ sí i, ọrùn ọwọ́ dìde láìsí iná, ìka tẹ̀lé e. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọwọ́ ọ̀tún yìí ni mo nà sókè níwájú ìjọ, kò sì wó. Halelúyà!

Ẹ̀yin ará mi ní New York, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yín bá rọ lẹ́yìn ìṣubú, abẹ́rẹ́ tàbí ìjàǹbá, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì lọ ṣe àyẹ̀wò nẹ́ẹ̀fù kíákíá. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù ìwé ìgbélùú dá yín dúró. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ìlú yìí ń tọ́jú ẹni tí kò ní ìwé, wọ́n sì ń pèsè ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò NYC Care, tó bẹ̀rẹ̀ ní Bronx níbí ní 2019, wà fún ẹni tí kò lè gba adójútòfò ìlera. Ẹ pe 311, kí ẹ béèrè rẹ̀.