Ẹni Tí Ó Mọ Ọ̀nà Omi

Ẹ̀kọ́ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń wá oyè kejì nínú iṣẹ́ ẹnjiníà ń kọ́, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní ibòmíràn: ẹ̀kọ́ nípa ohun gbogbo tí ń ṣàn, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe epo, ìbáà ṣe afẹ́fẹ́. Àwọn ènìyàn a máa bi wọ́n léèrè pé, èrè kí ni ó wà nínú kí a máa fi ọdún púpọ̀ ṣe ìṣirò nípa omi, nígbà tí ìyá arúgbó tí kò mọ ìwé mọ̀ pé omi kì í ṣàn gun òkè? Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n òmíràn tí ó wúwo jù ú lọ fara pamọ́ sínú rẹ̀: ẹni tí ó mọ bí omi ti ń gbé nǹkan lọ, ó ha tún lè wí pé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò kò kan òun bí?

Ẹ jẹ́ kí a wo odò Ọ̀ṣun. Láti òkè ilẹ̀ Èkìtì ni ó ti ń bọ̀. Àwọn odò kéékèèké ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń tú sínú rẹ̀. Ó gba Òṣogbo kọjá. Ó sì dé Aṣéjìrẹ́, níbi tí a ti sé e fún omi mímu àwọn ará Ìbàdàn. Wúrà wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń wà á. Àwọn tí ń wà á a máa fi omi ṣan erùpẹ̀, kí wúrà tí ó wúwo lè kù sílẹ̀, omi ẹlẹ́rẹ̀ a sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ní 2021, gbogbo ènìyàn ni ó rí i pé Ọ̀ṣun ti pọ́n bí amọ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún àwọn tí ń lọ sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọn má ṣe mu nínú rẹ̀.

Ẹni tí ń fọ erùpẹ̀ lẹ́bàá Iléṣà lè wí pé, “Ẹrẹ̀ yìí yóò ti rì kí ó tó jìnnà.” A kò lè pè é ní òpùrọ́, nítorí ojú rẹ̀ ni ó rí iyanrìn tí ó rì. Ṣùgbọ́n George Gabriel Stokes ti fi ìṣirò hàn ní 1851 pé bí ìbú hóró kan bá fi ìlọ́po mẹ́wàá kéré sí òmíràn, yóò fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún pẹ́ jù ú lọ kí ó tó rì. Nínú omi tí ó dúró jẹ́ẹ́, hóró iyanrìn tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 0.1 mìlímítà a rì ní mítà 1 láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú 2, ti 0.01 a gba wákàtí 3. Hóró amọ̀ ti 0.001 a sì gba nǹkan bí ọjọ́ 13. Omi odò kì í sì í dúró jẹ́ẹ́! Àwọn hóró tí ó kéré jù wọ̀nyí náà ni òjé àti irú májèlé bẹ́ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ jù lọ. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èyí han àwọn ọmọ kò nílò ẹ̀rọ: kí ó bu ilẹ̀ ẹ̀bá odò àti omi sínú ìgò funfun, kí ó mì í, kí ó gbé e sójú fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀kọ́ yìí kò dá inú rere pàápàá sí. Ká ní awakùsà kan ní ẹ̀rí-ọkàn, tí ó sì gbẹ́ kòtò kí omi náà lè kọ́kọ́ dúró níbẹ̀. Yóò gbẹ́ ẹ jìn, nítorí ó rò pé jíjìn ni yóò mú kí ó gba ẹrẹ̀. Allen Hazen, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, fi hàn ní 1904 pé fífẹ̀ ojú kòtò ni ó ṣe pàtàkì: bí kòtò bá jìn ní ìlọ́po méjì, lóòótọ́ omi a pẹ́ nínú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí hóró yóò rìn dé ìsàlẹ̀ a gùn ní ìlọ́po méjì pẹ̀lú. Ọkùnrin náà ṣe làálàá, ó náwó, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Síbẹ̀ ẹrẹ̀ ń lọ sí Òṣogbo. Ó ha jẹ̀bi bí? Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ náà, tí ó gba ibẹ̀ kọjá tí kò sọ fún un, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè wí pé ìmọ̀ òun kò tíì pé. Òtítọ́ ni, láti 2000 ni a ti ya mílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún ẹni tí yóò yanjú ohun tí ó ṣì ṣókùnkùn nínú ìṣirò ìṣàn tí Navier àti Stokes fi sílẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tí ó gbà á. Ṣùgbọ́n a kò ní láti dúró de ìyẹn kí a tó mọ ìwọ̀n kòtò.

Ebi ni ó lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà dé ibi ìwakùsà, ìṣirò kò sì lè sọ ẹni tí yóò san owó kòtò fífẹ̀: ẹni tí ń wà ni, tàbí ẹni tí ń ra wúrà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ìjọba. Ní tiwa, a rò pé ẹni tí ń rà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ san. Bí olùkọ́ kan nínú àwọn òǹkàwé wa bá rí i ní ọ̀nà mìíràn, inú wa yóò dùn láti gba ìwé rẹ̀.