Ìwà Ẹni àti Ẹni tí ó Sún Mọ́ni

Lójoojúmọ́ ni a ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ti Ìbà àti Òkòkómáìkò lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń bi ara rẹ̀ pé: ọmọ tí a tọ́ nínú ilé, ṣé òun náà ni yóò jẹ́ láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn? Àwọn àgbà wí pé àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti wọ̀n yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Nínú átọ̀mù ni kóró kan wà, prótọ́ọ̀nù àti nútrọ́ọ̀nù ni ó kó ara wọn jọ síbẹ̀. Nínú àwọn wọ̀nyí ni kúákì sì wà. Ojú kò lè rí i. Nítorí náà àwọn ọ̀mọ̀wé a máa ta ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lu kóró náà pẹ̀lú agbára tí wọ́n mọ̀. Wọn a sì wọn agbára tí ó kù fún un àti ibi tí ó yà sí. Ìyàtọ̀ náà ni ó ń fi ìrìn kúákì hàn. Nítorí irú iṣẹ́ yìí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Stanford ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1967, Friedman, Kendall àti Taylor gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1990.

Ní ọdún 1983, ọdún náà gan-an tí a dá Yunifásítì Ọ̀jọ́ sílẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ní CERN lẹ́bàá Geneva fi kúákì inú irin wé ti deuterium, èyí tí kóró rẹ̀ kò ní ju prótọ́ọ̀nù kan àti nútrọ́ọ̀nù kan lọ. Wọ́n rò pé bákan náà ni wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀: ìrìn kúákì yípadà nínú irin. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní Stanford sì jẹ́rìí sí i láìpẹ́. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé níbi tí àwọn méjì-méjì tí ó sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí bá ti pọ̀, níbẹ̀ ni ìyípadà náà pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé láàrin àwọn wọ̀nyí ni ó ti ń wá, bí àríyànjiyàn kò tilẹ̀ tíì tán.

Kí ni èyí kọ́ wa? Èkínní, a kò lè mọ ẹnikẹ́ni dájú bí a kò bá mọ̀ ọ́n nílé àti láàrin ẹgbẹ́. Èkejì, bóyá kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn Òkòkómáìkò ni ó yẹ kí a bẹ̀rù, bí kò ṣe ẹnìkan ṣoṣo tí ó jókòó ti ọmọ wa.

Ṣùgbọ́n kúákì kò ní ẹ̀rí-ọkàn, kò sì lè dìde kúrò lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ènìyàn lè dìde. Ẹgbẹ́ lè fi ibi tí ìwà ti wá hàn wá. Kò lè gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn oníwà. Kí àwa àgbà sì bi ara wa pé: àwọn tí ó sún mọ́ wa, irú ìyípadà wo ni ìsúnmọ́ wa ń ṣe nínú wọn?